Kránkì 2004 nínú blọ́ọ̀kù 2007: ẹ gbà mí nímọ̀ràn o

Ọmọ Ìkòròdú, Houston: Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi. Èmi ni mo yí ọ́ìlì Camry mi, ti ọdún 2007, ẹ́ńjìnnì 2.4, mi ò sì di nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ dáadáa. Ọ́ìlì dà tán lójú ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì nọ́kì. Nígbà tí mo tú u, bíárìn rọ́ọ̀dù kejì ti yí, ó sì ti ha kránkì débi pé èékánná mi ń kọ́ ojú ọgbẹ́ náà. (Fún ẹ̀yin tí kì í ṣe mẹkáníìkì: blọ́ọ̀kù ni ara ẹ́ńjìnnì, tọ́ọ̀pù ni orí rẹ̀; kránkì ni ọ̀pá tó ń yí nísàlẹ̀, rọ́ọ̀dù ló so ó mọ́ pístìn tó ń lọ sókè sódò, bíárìn sì ni irin pẹlẹbẹ tí kránkì ń yí lórí rẹ̀.) Mo wá rí ẹ́ńjìnnì Camry 2004 níbi tí wọ́n ń kó àlòkù mọ́tò jọ sí. Ìyẹn ti gbóná jù rí, tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti jó, àmọ́ kránkì rẹ̀ ń dán bíi dígí. Èrò mi ni pé kí n lo blọ́ọ̀kù 2007, kránkì 2004, pístìn 2004, tọ́ọ̀pù 2007. Àbí orí mi ti ń yí?

Àǹtí Peckham: Ra odindi ẹ́ńjìnnì kí o sinmi jàre.

Ọmọ Ìkòròdú: Àǹtí mi, ẹ ṣé. Owó odindi kò sí lọ́wọ́ ni.

Bàbá Ìbejì, Dallas: Àbúrò, orí rẹ kò yí. Mushin ni mo ti kọ́ṣẹ́. Kò sí ọ̀sẹ̀ tá ò kì í lọ Ládipọ̀ lọ ra tòkunbọ̀, orí mọ́tò kan, ìdí òmíràn. (Ta ló mọ̀ pé èmi náà á wá máa gbé níbi tí tòkunbọ̀ ti ń wá!) Ohun tó ń pa irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ni kéèyàn ya àwọn irin tí wọ́n jọ gbẹ́ pọ̀. Ìdérí márààrún tó di kránkì mú, ara blọ́ọ̀kù rẹ yẹn gan-an ni wọ́n ti lu ihò wọn. Má mú ti 2004 wá síbẹ̀ láé. Ipò tí oníkálukú wà ni kó padà sí, kójú rẹ̀ sì kọ síbi tó kọ sí tẹ́lẹ̀.

Rọ́ọ̀dù tí bíárìn yí nínú rẹ̀, jù ú nù. Mú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti 2004 tòun ti ìdérí wọn, kó o kọ́kọ́ fi wọ́n wé tìrẹ lórí tábìlì. Gbé wọn sórí ìwọ̀n ilé ìdáná pẹ̀lú. Èyí tó bá wúwo ju èkejì á mú kí ẹ́ńjìnnì máa gbọ̀n. Ìyàwó mi kò tíì dárí ìwọ̀n rẹ̀ jì mí títí di òní.

Pístìn 2004 ńkọ́? Fi sílẹ̀. Ìlọ́po 9.6 ni ẹ́ńjìnnì yẹn ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, tìrẹ jẹ́ 9.8. Bí pístìn tìrẹ kò bá ha, fọ ihò ọ́ìlì inú kòtò ríìgì (òrùka irin ara pístìn) wọn dáadáa, kó o ra ríìgì tuntun. O sì ṣe dáadáa tó o di blọ́ọ̀kù 2007 mú. Àwọn ti ìṣáájú, ojú bóòtù tọ́ọ̀pù tó wà lẹ́yìn máa ń fà yọ nínú àlùmíníọ̀mù blọ́ọ̀kù, pàápàá èyí tó bá ti gbóná rí.

Ọmọ Ìkòròdú: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Bíárìn wo ni kí n wá rà?

Bàbá Ìbejì: Wo ara blọ́ọ̀kù, wo ara kránkì, wàá rí nọ́ńbà kéékèèké. Ro wọ́n pọ̀, kó o wá wo ìwé àtúnṣe. Àròpọ̀ yẹn ló ń sọ bíárìn tó bá wọn mu. Blọ́ọ̀kù tìrẹ àti kránkì àjèjì, àròpọ̀ tuntun nìyẹn, torí náà bíárìn inú ẹ́ńjìnnì méjèèjì kò wúlò mọ́.

Lẹ́yìn náà, ra plastigage aláwọ̀ ewé, tí wọ́n fi ń wọn àlàfo tó wà láàárín bíárìn àti kránkì. Bí òwú ìránṣọ ló rí. Nu kránkì gbẹ, tẹ́ ẹ sórí rẹ̀, fi ìdérí lé e, di bóòtù dé ìwọ̀n tí ìwé sọ. Kránkì kò gbọdọ̀ yí rárá. Tú u padà, wàá rí i pé òwú náà ti di pẹlẹbẹ. Fi bébà tó bá a wá wọ̀n ọ́n: bó bá ṣe fẹ̀ tó ni àlàfo ṣe kéré tó. Láti 0.025 dé 0.076 mm ni aláwọ̀ ewé ń wọ̀n.

Ará Manchester: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní UK, bí ẹ bá pààrọ̀ blọ́ọ̀kù, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ti yí padà nìyẹn. Ẹ sọ fún DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ mọ́tò sílẹ̀, kí wọ́n tún V5C (ìwé mọ́tò) yín ṣe, kẹ́ ẹ sì sọ fún àwọn adójútòfò.

Bàbá Ìbejì: Òótọ́ ni. Ní ti Houston, àyẹ̀wò ààbò ọdọọdún ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti January 2025, àmọ́ àyẹ̀wò èéfín ṣì wà ní Harris County. Bátìrì tó o yọ ti pa ìrántí kọ̀ǹpútà mọ́tò rẹ́. Wà á fún ọjọ́ mélòó kan kó o tó gbé e lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn á dá ọ padà.

Ọmọ Ìkòròdú: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo wọn bíárìn márààrún. Mẹ́rin dọ́gba, òwú ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta fẹ̀ gan-an. Àyà mi já. Mo tú u, mo rí irun búrọ́ọ̀ṣì ẹyọ kan ṣoṣo lábẹ́ bíárìn. Mo nù ún, mo tún un wọ̀n, ó bá àwọn yòókù dọ́gba.

Lánàá mo yọ fíúsì epo, mo ń yí ẹ́ńjìnnì lásán títí iná ọ́ìlì fi kú, kí n tó dá fíúsì padà. Ó dún ta-ta-ta fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, ó wá dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gáréèjì, mò ń tẹ́tí sí i.

Bàbá Ìbejì: Ó káre! Má tẹ̀ ẹ́ jù. Tó bá ti rìn bíi máìlì 500, da ọ́ìlì yẹn nù, kó o gé fílítà wò bóyá irin wà nínú rẹ̀.

Àǹtí Peckham: Nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ńkọ́?

Ọmọ Ìkòròdú: Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti wò ó láàárọ̀ yìí, Àǹtí.