Ìkòkò wo ló yẹ tíì Pu-erh?

Ìbéèrè
Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ife lásán ni mo fi ń rẹ tíì Pu-erh, tíì ilẹ̀ China kan, láti ọjọ́ yìí wá, mo sì fẹ́ ra ohun èlò tó yẹ ẹ́. Oríṣi méjèèjì ló wà nílé mi, sheng tó jẹ́ tútù àti shou tí wọ́n ti mú jinná. Ẹni tó tà á fún mi ní ìkòkò amọ̀ tí wọ́n ń mọ ní Yixing, ìlú kan ní China, nìkan ló lè mú adùn rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n owó ìkòkò náà pọ̀ gan-an. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́? Èmi nìkan ni mò ń mu tíì náà. Báwo ló ṣe yẹ kó tóbi tó?

Èsì kìíní
Ọ̀rọ̀ ọjà ni onítíì yín ń sọ. Gaiwan ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, ìyẹn abọ́ tánganran kékeré tó ní ìdérí. Tánganran kì í fa adùn tàbí òórùn kankan mọ́ra, nítorí náà bí tíì bá korò, ẹ ó mọ̀ pé ewé náà ló korò. Èyí tó ń gba nǹkan bíi mìlílítà 100 ti tó ẹnì kan, pẹ̀lú ewé gíráàmù 6 tàbí 7. Sheng tí kò tíì pẹ́ nílẹ̀ kì í gba kí a fi í sínú omi gbígbóná pẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ló ti yẹ kí a dà á jáde, gaiwan sì yá fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ mú èyí tí etí rẹ̀ ṣí síta dáadáa, kó má baà jó yín lọ́wọ́.

Èsì kejì
Mo fara mọ́ èyí ní ti sheng, àmọ́ mi ò gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀ fún shou. Ọgbọ́n tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní ìlú Kunming ní China ní nǹkan bí ọdún 1973 ni wọ́n fi ń ṣe shou: wọ́n á kó ewé jọ ní òkìtì, wọ́n á wọ́n omi sí i, wọ́n á sì bò ó fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí ooru inú rẹ̀ lè yí i padà. Òórùn òkìtì yìí sábà máa ń kù lára èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, amọ̀ tí a kò fi nǹkan dídán kùn sì máa ń dín in kù, nítorí pé ó ní ihò wẹ́wẹ́, ó sì ń pa ooru mọ́. Ṣùgbọ́n irú tíì kan ṣoṣo ni kí ẹ máa fi ìkòkò bẹ́ẹ̀ rẹ, kí ẹ má sì fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ayédèrú Yixing pọ̀ lọ́jà jọjọ. Ìkòkò Jianshui, tí wọ́n ń mọ ní ẹkùn Yunnan tí tíì náà ti wá, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ dán, tó ẹni í yẹ̀ wò. Ẹkùn Jiangsu ni Yixing wà ní tirẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ jìn sí oko Pu-erh.

Èsì kẹta
Ẹ̀yin méjèèjì kò sọ̀rọ̀ nípa bí omi ṣe ń jáde, bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Ìkòkò olówó iyebíye tí omi ń ro tótó lẹ́nu rẹ̀ yóò ba sheng jẹ́ kí ó tó tú tán. Bí ẹ bá lè rí i kí ẹ tó rà á, ẹ bu omi kún un, kí ẹ sì dà á: bí kò bá tán ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 15, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn. Ní ti ooru, ẹ fi omi híhó ṣan inú gaiwan kí ẹ tó da ewé sí i, yóò sì gbóná tó fún shou pàápàá.