Bóòtì M12 tó ń já: Nm mélòó ló yẹ kí n fi fún un?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì. Ẹ̀rọ tí mo fi ń lọ èlùbọ́ ní Òmù-Àrán ló ń yọ mí lẹ́nu. Bóòtì mẹ́rin ló di ẹ́ńjìnnì dísù rẹ̀ mọ́ férémù, M12 (ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 12) eléyín 1.75 (mìlímítà láti eyín kan sí èkejì), wọ́n kọ 8.8, àmì bí irin bóòtì ṣe lágbára tó, sórí wọn. Tí mo bá fún wọn níwọ̀nba, jìgìjìgì ẹ̀rọ á tú wọn. Tí mo bá fún wọn le, wọn a máa fà bíi gọ́ọ̀mù, ọrùn wọn á tínínrín, wọn á sì já.

Mo ti fi wáṣà sípírìn sí i, mo ti pààrọ̀ nọ́ọ̀tì, mo ti ra òmíràn n'Ílọrin. Pàbó ni. Mo wá yá torque wrench, ìyẹn sípánà tó ń fi Nm wọn bí a ṣe fún bóòtì le tó. Àtẹ tí mo rí ní kí n fún bóòtì gbígbẹ (tí kò ní ọ́ìlì) tó nǹkan bíi 80 sí 90 Nm, àmọ́ tèmi ń já kó tó dé 70! Ẹni tó tà á ní ọwọ́ mi ló le jù.

8.8 tó jẹ́ ojúlówó, 800 MPa (ìwọ̀n agbára tí irin lè gbà) ló yẹ kó gbà kó tó já, kó sì tó 640 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà láìpadà sípò. Tèmi ò ní àmì ilé iṣẹ́ kankan lórí, 8.8 yẹn nìkan ni. Ọ́ìlì sì wà léyín wọn nítorí ìpata.

Ẹ jọ̀ọ́, Nm mélòó ni kí n dín kù nítorí ọ́ìlì yẹn? Báwo ni mo sì ṣe lè dán bóòtì wò nílé, kí n mọ̀ bóyá 8.8 gidi ni, kí n tó náwó sí 10.9 tó lágbára jù ú lọ?