Koríko orí ọ̀sà ti dí wa lọ́nà ní Ẹ̀pẹ́: ṣé ká fín in lóògùn?

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú àárọ̀ o.

Apẹja ni bàbá mi níbí ní Ẹ̀pẹ́. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí koríko olódòdó aláwọ̀ àlùkò yẹn, tí òyìnbó ń pè ní water hyacinth, ti bo èbúté wa. Kì í ṣe ojúoró o. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé tirẹ̀, ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i lójú omi Àgbádárìgì (ẹ̀yin ará ibẹ̀, ẹ ò ṣe dá a padà!). Ó ń fa àwọ̀n ya, ó ń wé mọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Lánàá, àjẹ̀ ni bàbá fi wa ọkọ̀ délé, ẹja tó mú wá kò tó se ọbẹ̀ alẹ́.

Lápá Èkó lọ́hùn-ún, omi iyọ̀ máa ń pa á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Omi tiwa kò níyọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkan wá gbé oògùn apakoríko wá, ó ní ká kàn fín in. Ẹ̀rù ń bà mí. Tí koríko tó pọ̀ báyẹn bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, tó ń jẹrà sínú omi, atẹ́gùn tí ẹja ń mí á tán, ẹja á bá a lọ. Omi yìí kan náà làwọn ìyá wa fi ń fọṣọ. Bàbá ní kí n yé ṣe alákọ̀wé.

Mo gbọ́ pé àwọn kan ń fi igi rẹ̀ tó gbẹ hun apẹ̀rẹ̀, àwọn mìíràn ń sọ ọ́ di ajílẹ̀. Ta ló ti ṣe é rí? Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kó o, báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí kì í fi í tètè padà?

Ọ̀la ni oníoògùn ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn.