Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba òfin Búdà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, àwa mélòó kan la jọ ń ṣe àṣàrò Zen ti Soto, ẹ̀ka ẹ̀sìn Búdà kan láti Japan. A fẹ́ ṣe jukai láìpẹ́: a ó gba òfin 16, olùkọ́ á sì fún kálukú lórúkọ tuntun. Rakusu, aṣọ kékeré tí wọ́n ń fi kọ́rùn, la ń rán lọ́wọ́. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣe ń wọlé la ó máa pe "Namu kie butsu", ìyẹn "mo sá di Búdà". Ìka mi ti rí nǹkan! Ẹ̀yìn aṣọ yẹn ni olùkọ́ máa kọ orúkọ náà sí.

Èyí tó ní ká yẹra fún ọtí nínú àwọn òfin náà ló ń kọ mí lóminú. Ìgbéyàwó àbúrò mi ń bọ̀ n'Íbàdàn, àwọn àgbà á sì gbé ẹmu tí wọ́n fi ṣàdúrà fún mi. Ṣé kí n kàn fi kan ètè ni, àbí kí n tọrọ omi? Ta ló ti bá irú ẹ̀ pàdé, kí lẹ sì sọ fún wọn?

Orúkọ tuntun náà ńkọ́? Ṣé ẹ máa ń jẹ́ ẹ nílé? Màmá mi lè rò pé mo ti pa èyí tí wọ́n sọ mí tì.