Ìgbín-abẹ kọ́: àbá mi lórí orúkọ ẹ̀dá òkun tí a ń wá

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làákàyè.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Iléṣà ló gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀. Wọ́n ń túmọ̀ ìwé sáyẹ́nsì fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, wọ́n sì bá ẹ̀dá òkun kan pàdé tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Ensis leei. Àbá tiwọn ni pé kí a pè é ní ìgbín-abẹ, nítorí pé abẹ ni Gẹ̀ẹ́sì fi ìkarahun rẹ̀ wé, razor clam ni wọ́n ń pè é. Ẹlòmíràn ní abẹ-òkun ló dùn ún gbọ́ jù. Àbúrò wa kan láti Modákẹ́kẹ́ mú paramọ́yanrìn wá. Ẹni kẹrin ní kí a kàn kọ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ní àkọtọ́ Yorùbá, kí a máa bá tiwa lọ, torí pé ẹ̀dá òkun òyìnbó ni, kò kàn wá. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, mi ò lè gba ìgbín-abẹ wọlé. Ọ̀rọ̀ tí a bá ti tẹ̀ sínú ìwé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe é pa rẹ́ bọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ rò ó délẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí a fẹ́ sọ lórúkọ. Ìkarahun rẹ̀ kan wà lórí tábìlì mi níbí ní Ilé-Ifẹ̀. Ọmọ tí mo kọ́ níwèé nígbà kan ló ṣà á ní etíkun Nẹ́dálándì, ló fi ránṣẹ́ sí mi. Ó gùn láti ọrùn ọwọ́ mi títí fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ṣóńṣó ìka àárín, kò sì fẹ̀ ju ìka méjì lọ. Àwẹ́ méjì ni, wọ́n so kọ́ra ní apá ìdí kan, ó sì tẹ̀ díẹ̀. Awọ fẹ́lẹ́ kan bò ó lójú, àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín ewé gbígbẹ àti ewé tútù, ó sì ti ń ṣí kúrò níbi tó ti gbẹ. Abẹ́ awọ náà funfun, àlùkò fọ́n sí i lára. Bí mo bá pa àwẹ́ méjèèjì dé gbágbá, òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí. Ibi tí ọ̀rọ̀ mi dá lé nìyẹn, ẹ fi sọ́kàn.

Ní ti ìgbín: ìgbín lórí, ó ní ìwo tí ojú wà lókè rẹ̀, ìkarahun kan ṣoṣo ló gbé pọ̀n, ikùn ló fi ń rìn. Èyí kò lórí rárá. Òótọ́ ni pé inú ìsọ̀rí ńlá kan náà ni àwọn onímọ̀ kó àwọn méjèèjì sí, ìyẹn Mollusca, ṣùgbọ́n ìbátan ọ̀nà jíjìn ni. Ìgbín kì í sì í ṣe orúkọ òfìfo lọ́dọ̀ wa. Ọbàtálá ló ni ín, omi rẹ̀ ni ẹ̀rọ̀, ẹni tó bá dàgbà ní Ifẹ̀ mọ̀ pé iyọ̀ àti ìgbín kì í jọ gbé. Ẹ̀dá tó jẹ́ pé inú omi iyọ̀ la bí i, tó sì wà títí tó fi kú, ṣé ìyẹn la fẹ́ pè ní ìgbín? Ìṣáwùrú náà kò gbà wá, nítorí ìgbín odò ni, oníkarahun kan lòun náà.

Ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ ní ni orúkọ fún gbogbo àwọn tó ní ìkarahun méjì, ìsọ̀rí tí wọ́n ń pè ní Bivalvia. Èdè wa ti ní in sílẹ̀. Obì gbànja aláwẹ́ méjì ni, ìyá àgbà kankan ò ní bèèrè lọ́wọ́ yín ohun tí àwẹ́ jẹ́. Kí a pe ìsọ̀rí náà ní aláwẹ́-méjì. Nígbà tí mo mú ìkarahun yìí dání lọ sí ọjà, tí mo nà án sí ìyá kan tó ń ta edé àti ẹja gbígbẹ, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n fi àtàǹpàkò là á, wọ́n ní, "Àwẹ́ méjì ni. Ibo ló ń gbà jáde?" Ẹ ò rí i pé wọ́n ti pín in sí ìsọ̀rí tirẹ̀ kí n tó la ẹnu?

Ó wá kan abẹ. Ìṣòro àkọ́kọ́ ni ohùn. Ẹ gbé e lé fóònù lọ́wọ́, ẹ kọ abẹ-òkun láìfi àmì sí i bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọ ọ́. Ẹni tó bá kà á yóò kà á sí abẹ́ òkun, ìsàlẹ̀ omi. Ẹ̀dá náà sì ń gbé nísàlẹ̀ omi lóòótọ́, nítorí náà gbólóhùn yóò ní ìtumọ̀, àṣìkà náà kò sì ní hàn sí ẹnikẹ́ni. Èyí burú ju àṣìkà tí kò nítumọ̀ lọ. Ìṣòro kejì ni àwòrán tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Abẹ tí ẹ̀dá yìí jọ ni abẹ gígùn tí wọ́n ń ká wọ inú èèkù rẹ̀, èyí tí àwọn òyìnbó fi ń fá irùngbọ̀n láyé àtijọ́. Abẹ onígbàjámọ̀ tiwa kúrú, ẹnu rẹ̀ fẹ̀. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ní tiwọn, bíléèdì ni wọ́n mọ̀. Ta ni yóò wo ìkarahun yìí nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tàbí Ifẹ̀ tí yóò rántí abẹ, bí kò bá ṣe pé ó ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀?

Kì í sì í ṣe dandan kí ojú tí Gẹ̀ẹ́sì fi wò ó jẹ́ tiwa. Linnaeus, onímọ̀ ará Swídìn tó kọ́kọ́ kọ mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan sílẹ̀ ní 1758, pe ọ̀kan nínú wọn ní Solen ensis: Solen láti inú èdè Gíríìkì, ọ̀pá oníhò, ensis láti inú èdè Látìnì, idà. Faransé rí ọ̀bẹ lára rẹ̀, wọ́n ń pè é ní couteau. Àwọn ará Nẹ́dálándì pè é ní mesheft, èèkù ọ̀bẹ. Àwọn ará Skọ́tlándì kò tilẹ̀ wo ìrísí rẹ̀, wọ́n wo ìṣe rẹ̀, bó ṣe ń tú omi fìì sókè nígbà tó bá ń sá lọ, wọ́n sọ ọ́ ní spoot. Olúkúlùkù ló fi ojú ara rẹ̀ wò ó.

Èyí gbé mi dé ọ̀dọ̀ àbúrò wa ará Modákẹ́kẹ́, tí àbá rẹ̀ wú mi lórí ju gbogbo ìyókù lọ. Ọ̀nà tí Yorùbá gbà ń sọ ẹ̀dá lórúkọ ló tọ̀. Paramọ́lẹ̀, ó pa ara mọ́ ilẹ̀. Aláǹtakùn, ó ń ta okùn. Ìjẹ̀ṣà fúnra wọn, àbí ìṣe kọ́ ló sọ wọ́n di Òṣómàáló, láti orí òṣó tí wọ́n ń ló sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè? Ẹ̀dá inú yanrìn yìí sì mọ ọ̀nà à ń pa ara mọ́ dé góńgó. Orí ìdúró ló ń gbé, kì í dùbúlẹ̀. Apá kan wà lókè, ibẹ̀ ló ti ń yọ ẹnu kékeré méjì síta, ó ń fa omi sínú pẹ̀lú ọ̀kan, ó ń fi èkejì tú u síta, ohun tíntìntín tó bá bá omi wọlé ni oúnjẹ rẹ̀. Apá kejì wà nísàlẹ̀, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń jáde, ẹyọ kan péré, ẹran líle tí kò léegun. Bí ewu bá dé, yóò na ẹsẹ̀ náà wọ yanrìn lọ, yóò pa àwẹ́ méjèèjì dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀jẹ̀ á ya wọ ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ á wú, á há gírígírí. Omi inú ìkarahun á tú sára yanrìn tó yí i ká, yanrìn á rọ̀, á máa ṣàn. Ìgbà yẹn ni ẹsẹ̀ á wá fa ìkarahun sọ̀kalẹ̀ wọ̀ọ̀. Á tún un ṣe, á tún un ṣe, ó lè rì tó 70 sẹ̀ǹtímítà. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà ti ṣe ẹ̀rọ kan tó ń wọ ilẹ̀ òkun bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ẹni tó bá fẹ́ mú un á da iyọ̀ sí ojú ihò rẹ̀. Ó mọ omi iyọ̀, ṣùgbọ́n èyí ti pọ̀ jù fún un, á sì ta jáde.

Kí ló wá dé tí mi ò fi mú paramọ́yanrìn? Nítorí pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ aláwẹ́-méjì ló ń pa ara mọ́ yanrìn, àwọn róbótó, àwọn pẹlẹbẹ, gbogbo wọn. Akàn náà ń ṣe é. Orúkọ náà bá ìṣe mu ṣùgbọ́n kò ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀. Ẹ̀rù sì ń bà mí pé ọmọdé tó bá gbọ́ "paramọ́" yóò ti máa wá ejò kó tó gbọ́ ìyókù.

Àbá tèmi ni alákọ̀.

Ọmọ Yorùbá tí kò fojú rí idà rí ti gbọ́ pé idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ẹ wo ìkarahun yìí: ó gùn, ó tẹ́, ó ṣófo láàárín, ẹnu rẹ̀ ṣí, ohun tó ń yọ tó sì ń wọlé wà nínú rẹ̀. Àkọ̀ ni. Ẹran inú rẹ̀ ni idà, ẹsẹ̀ yẹn gan-an. Ìrísí wà nínú orúkọ náà, ìṣe náà wà níbẹ̀, ìyẹn ni abẹ kò lè fún wa. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i pé àwọn ará Jámánì náà rí àkọ̀ lára agboolé Solenidae, Scheidenmuscheln ni wọ́n ń pè wọ́n. Kò túmọ̀ sí pé a yá a lọ́wọ́ wọn.

Ẹ ti rí i pé mo lo agboolé. Ẹ̀gbọ́n bèèrè ohun tí a ó máa pe àwọn ipele ìpín-sí-ìsọ̀rí. Tí ìsọ̀rí bá ti wà lókè, kí agboolé (family) tẹ̀ lé e, kí ìdílé (genus) wà nínú agboolé, kí irú (species) wà nínú ìdílé. Kò sí ọmọ Ifẹ̀ tí kò mọ̀ pé agboolé kan lè kó ìdílé púpọ̀ sínú. Alákọ̀ pín sí agboolé méjì: Pharidae, níbi tí ìdílé Ensis wà, àti Solenidae, níbi tí Solen wà. Ẹ̀yà mìíràn wà tó jọ wọ́n, Tagelus adansonii, tó ń gbé inú ẹrẹ̀ níbi tí odò ti ń pàdé òkun ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n fi sọrí Michel Adanson, ará Faransé tó dé Sẹ̀nẹ̀gà ní 1749. Ó gùn, ó tẹ́, ṣùgbọ́n agboolé tirẹ̀ yàtọ̀, Solecurtidae ni. A kò gbọdọ̀ pe ìyẹn ní alákọ̀.

Ìdáhùn mi sí ẹni tó ní ẹ̀dá òyìnbó ni, pé kò kàn wá, kò gùn. Ensis kan wà ní òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó jẹ́ pé erékùṣù Gorée ní Sẹ̀nẹ̀gà ni wọ́n fi sọ ọ́, Ensis goreensis. Ìlú wa níbí jìnnà sí òkun, síbẹ̀ Igbó Olókun wà nínú rẹ̀. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́nsì àti ìṣirò fún ọdún mẹ́fà gbáko, ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Àwọn ọmọ yẹn kò rí òkun láti ojú fèrèsé. Wọn ò torí ẹ̀ má kọ́ nípa rẹ̀.

Èyí tí ìwé ẹ̀gbọ́n ń sọ gan-an, Ensis leei, etíkun ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà Àríwá ni ilé rẹ̀, láti Labrador ní Kánádà sọ̀kalẹ̀ dé South Carolina. Ní 1979 ni wọ́n rí i ní etíkun Jámánì. Bóyá inú omi tí ọkọ̀ ojú omi ń fà sí ikùn rẹ̀ kó lè dúró déédéé ni àwọn ọmọ rẹ̀ bá dé, torí ọmọ rẹ̀ kì í kọ́kọ́ wọ yanrìn, ó máa ń léfòó nínú omi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó ti tàn dé Nẹ́dálándì, Bẹ́ljíọ̀mù, Dẹ́ńmákì, Faransé àti Ìlú Ọba. Yanrìn kíkúnná ló fẹ́, níbi tí omi ń fà dé nígbà tó bá fà jù àti nínú omi tí kò jìn lẹ́yìn ibẹ̀. Títí di àìpẹ́ yìí Ensis directus ni wọ́n ń pè é, kó tó hàn pé ìkarahun inú àpáta àtayébáyé ni Conrad, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, fún ní orúkọ yẹn ní 1843, kì í ṣe èyí tó ń mí. Orúkọ tuntun dé ní 2015. Ẹ̀gbọ́n, bí ìwé tí ẹ ń túmọ̀ bá ti pẹ́, directus lẹ ó bá níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe.

Báyìí ni mo fẹ́ kí a kọ ọ́ sínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa: alákọ̀, aláwẹ́-méjì òkun tó gùn tó sì tẹ́, tí ìkarahun rẹ̀ ṣí lókè àti nísàlẹ̀, tó ń gbé lórí ìdúró nínú yanrìn, Pharidae àti Solenidae. Kí Ensis leei jẹ́ alákọ̀ Amẹ́ríkà, kí Ensis goreensis jẹ́ alákọ̀ Gorée.

Ṣùgbọ́n kí a tó tẹ̀ ẹ́, mo bẹ ẹ̀yin Ìlàjẹ, ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́ àti Bàdágírì tó wà láàárín wa: ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn apẹja àti àwọn ìyá tó ń ṣa nǹkan létí omi. Ẹ fi àwòrán rẹ̀ hàn wọ́n, ẹ má sọ orúkọ kankan fún wọn kí wọ́n tó dáhùn. Bí wọ́n bá ti ní orúkọ fún un, tiwọn ni kí a tẹ̀ sínú ìwé, mo sì mú alákọ̀ kúrò nílẹ̀.