Ìtọ́jú Àkọ́kọ́: Ẹ Wo Aago

Nọ́ọ̀sì, ẹ̀ka pàjáwìrì

Ká ti ibi iná àti omi gbígbóná bẹ̀rẹ̀, torí òun ni wọ́n sábà máa ń tọ́jú dé ìdajì tí wọ́n á fi sílẹ̀. Omi tó ń ṣàn, tó tutù ṣùgbọ́n tí kò dì, ni oògùn àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú 20 gbáko ló sì yẹ kó fi máa dà sí ojú ibẹ̀. Ní ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, oró á rọlẹ̀ díẹ̀, wọ́n á pa omi. Oró rọlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ooru tó ti wọ inú ẹran ara kò tíì jáde, ó ṣì ń jó lọ sísàlẹ̀. Bí omi kò bá sí nítòsí lójú ẹsẹ̀, ẹ má sọ pé ó ti pẹ́ jù: ó ṣì wúlò títí di wákàtí 3 lẹ́yìn tí iná jó èèyàn.

Bí omi ṣe ń dà, ẹ tètè bọ́ òrùka, aago àti ẹ̀gbà ọwọ́. Bí ìka bá wú tán, gígé ni wọ́n máa gé òrùka náà. Aṣọ tí omi gbígbóná ti rin, ẹ bọ́ ọ, torí ó ń pa ooru mọ́ ara. Èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ awọ, ẹ gé aṣọ yòókù kúrò láyìíká rẹ̀, ẹ má fà á. Bó bá jẹ́ ọmọdé, ojú ibi tó jó nìkan ni kí omi kàn, ẹ fi aṣọ bo ìyókù ara rẹ̀ kí òtútù má baà mú un.

Yìnyín ńkọ́? Rárá o. Ó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ súnkì, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa bọ́ awọ tó farapa kò sì ní dé ibẹ̀ mọ́. Ọṣẹ ìfọyín, òróró àti ẹyin, ṣe ni wọ́n ń dé ooru mọ́lẹ̀. Dókítà á tún ní láti fọ gbogbo rẹ̀ kúrò kó tó mọ bí ọgbẹ́ ṣe jìn tó.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20 yẹn, ẹ tẹ́ ọ̀rá tín-ín-rín tó mọ́, irú èyí tí wọ́n fi ń bo oúnjẹ, lé ojú rẹ̀. Títẹ́ ni mo wí. Bí ẹ bá wé e yíká, ara á wú, ọ̀rá á sì fún un pa. Bó bá lé ròrò, ẹ má bẹ́ ẹ, awọ yẹn ló ń dènà kòkòrò àìsàn. Bí ibi tó jó bá tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ẹni náà fúnra rẹ̀, tàbí tó jẹ́ ojú, ọwọ́, ẹsẹ̀, oríkèé tàbí abẹ́, ilé ìwòsàn ni. Iná mànàmáná àti kẹ́míkà náà, ilé ìwòsàn ni, bó ti wù kó kéré mọ. Kí ẹ sì fura sí èyí tó funfun tàbí tó gbẹ, tí kò dun ẹni náà rárá: iná ti dé ibi tí ara fi ń mọ ìrora.

Olùkọ́ ìtọ́jú àkọ́kọ́

Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú yẹn kan ẹ̀jẹ̀ náà. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ tẹ ojú ọgbẹ́, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ gan-an fún ìṣẹ́jú 10 láìṣí i wò. Ṣíṣí i wò yẹn ló ń ba iṣẹ́ jẹ́, torí ẹ̀jẹ̀ tó ti ń dì á tún já. Bí aṣọ bá rin, ẹ fi òmíràn lé e. Bí ìkejì náà bá tún rin, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọwọ́ yín kò sí lójú ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń bọ̀: ẹ kó méjèèjì kúrò lẹ́ẹ̀kan, ẹ wo ojú ibẹ̀ dáadáa, kí ẹ wá fi aṣọ tuntun tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ gan-an. Bí igi, ìgò tàbí irin bá gún un tó sì ṣì wà nínú ara, ẹ má yọ ọ́, ó lè jẹ́ òun ló dí ojú iṣan. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ni kí ẹ tẹ̀.

Bó bá jẹ́ apá tàbí ẹsẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ń tú yàà tí títẹ̀ kò sì dá a dúró, ìgbà yẹn ni dídè kàn. Ẹ dè é ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7 sókè ọgbẹ́, kì í ṣe lórí oríkèé. Ẹ má lo okùn tín-ín-rín, á gé ara. Ohun tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 4 ó kéré tán ni kí ẹ lò. Ẹ kọ aago tí ẹ dè é sílẹ̀, kí ẹ má sì tú u lọ́nà. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń tú u.

Ọgbẹ́ kékeré, omi tó ń ṣàn ti tó o. Sípíríìtì tí wọ́n ń dà sínú rẹ̀ ń pa ẹran ara tó fẹ́ jinná. Bí ọgbẹ́ bá dọ̀tí, tí abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì tí ẹni náà gbà kẹ́yìn sì ti lé ní ọdún 5, kó lọ gba òmíràn.

Imú tó ń ṣẹ̀jẹ̀: kó jókòó, kó tẹ orí síwájú, kó fún ibi tó rọ̀ nímú pọ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, kó máa fẹnu mí. Ẹni tó bá gbé orí sẹ́yìn, ikùn ni ẹ̀jẹ̀ ń lọ, èébì ló sì máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀.

Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ambulance

Òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ibì kan wà tí sùúrù ti lè pa èèyàn: bí nǹkan bá há sí i lọ́fun. Bó bá ṣì lè wúkọ́ tàbí sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kó máa wúkọ́, ẹ má gbá a lẹ́yìn. Bí ohùn kò bá jáde mọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú, ẹ fi ọwọ́ kan gbá àyà rẹ̀ mú, kí ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ kejì gbá a láàárín palaba èjìká méjèèjì lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí kò bá já, ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ẹ di ìkúùkù sókè ìdodo, lábẹ́ egungun àyà, ẹ fi ọwọ́ kejì dì í mú, kí ẹ fà á wọnú àti sókè lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ máa ṣe méjèèjì, gbígbá ẹ̀yìn àti fífa ikùn, ní márùn-ún márùn-ún bẹ́ẹ̀. Aboyún, àyà ni kí ẹ tẹ̀ dípò ikùn.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, a kì í tẹ ikùn rẹ̀ rárá, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè ya. Ẹ da ojú rẹ̀ délẹ̀ lórí apá yín, kí orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ẹ gbá a lẹ́yìn lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ yí i padà, kí ẹ fi ìka méjì tẹ àárín àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí ẹ kò bá fojú rí ohun tó há, ẹ má ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ṣe lẹ ó tún tì í wọlé. Ẹni tí wọ́n bá tẹ ikùn rẹ̀, kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, bí ara rẹ̀ tiẹ̀ ti yá.

Ẹsẹ̀ tó rọ́ kò le: yìnyín nínú aṣọ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹ má wọ́ ọ. Bí kò bá lè rìn ìṣísẹ̀ mẹ́rin, kó lọ ya X-ray.

Orí ni kí ẹ ṣọ́. Ẹni tó fi orí gbá nǹkan, ẹ máa wò ó fún wákàtí 24 sí 48. Bó bá ń bì léraléra, tí oorun rẹ̀ ṣòro láti jí, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dàrú, tàbí tí ẹyinjú kan fẹ̀ ju èkejì, ẹ má dúró. Omi tó mọ́ gaara tó bá sì ń jáde nímú tàbí létí, ẹ má fi òwú dí i, ẹ gbé e lọ kíá.