Èsì: Fátúwà kì í ṣe ìdájọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìròyìn ilẹ̀ Lárúbáwá fún rédíò ní kí a wá orúkọ Yorùbá fún fátúwà, ìyẹn ìdáhùn tí onímọ̀ òfin Ìsìláàmù ń fún ẹni tó bá béèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Àbá méjì ló ti wọlé: “ìdájọ́ ẹ̀sìn” àti “àṣẹ aáfà”. Mi ò fara mọ́ ìkankan.

Ẹ jẹ́ ká fi ìròyìn gidi kan dán an wò. Ní oṣù Kẹsàn-án 2008, lórí ètò rédíò Nur ala al-Darb ní Saudi Arabia, olùgbọ́ kan béèrè ọ̀rọ̀ àwọn tó ni tẹlifíṣọ̀n sátẹ́láìtì tó ń gbé ìṣekúṣe jáde. Sheikh Saleh al-Luhaidan fèsì pé ó lè tọ́ kí wọ́n pa irú wọn. Ariwo ta. Baba tún bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n ìjọba, ó ní kóòtù ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ wọn ná.

Bí a bá wá kà á lórí rédíò pé “Sheikh dájọ́ ikú fún àwọn oní-tẹlifíṣọ̀n”, irọ́ la pa. Kò sí olùpẹ̀jọ́, kò sí olùjẹ́jọ́, kóòtù ò jókòó. Ẹnìkan béèrè, onímọ̀ dáhùn. Mùfútì, onímọ̀ tí wọ́n ń bi ní ìbéèrè, ló ń ṣe fátúwà; kádì, adájọ́ kóòtù Ìsìláàmù, ló ń dájọ́. Ẹni tó gba fátúwà lè tẹ̀ lé e, ó sì lè lọ bi mùfútì mìíràn. Ohun tó dojú ọ̀rọ̀ rú níbí ni pé al-Luhaidan kan náà ni olórí ìgbìmọ̀ àgbà àwọn adájọ́ ilẹ̀ náà, títí ọba fi yọ ọ́ nípò ní oṣù Kejì 2009. Ìdí nìyẹn gan-an tí a fi nílò ọ̀rọ̀ méjì tó yàtọ̀!

Mo gbà pé fátúwà ń dún bí òfin létí. Ilé iṣẹ́ ìròyìn ló fà á. Láti 1898 ni ìwé ìròyìn al-Manar ti onímọ̀ ẹ̀sìn Rashid Rida ti bẹ̀rẹ̀ ní Cairo, tó wá ń dáhùn lẹ́tà àwọn Mùsùlùmí títí dé Java ní Indonesia. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n Al Jazeera dé ní 1996, onímọ̀ ẹ̀sìn Yusuf al-Qaradawi jókòó sí Doha ní Qatar, ó ń dá àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ láago lóhùn. Ìdáhùn tó tọ́ sí ẹnì kan, ní ìlú tirẹ̀, wá ń balẹ̀ sí pálọ̀ gbogbo ayé. Ní oṣù Kẹjọ 2010, Ọba Abdullah ti Saudi Arabia pàṣẹ pé ọmọ ìgbìmọ̀ àwọn àgbà onímọ̀ nìkan ni kó máa ṣe fátúwà fún gbogbo ìlú.

“Àṣẹ aáfà” tiẹ̀ burú jù. Aáfà tó ń tẹ yanrìn, tó ń ṣe tírà, ṣé òun náà ò ń pàṣẹ ni?

Ẹ jẹ́ ká fi fátúwà sílẹ̀ bó ṣe wà. Wàásù tí wọ́n ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, ọ̀dọ̀ Lárúbáwá ló ti wá, kò sì sẹ́ni tó ń bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀ mọ́. Nígbà àkọ́kọ́ nínú ìròyìn, kí olùkàròyìn fi kún un pé “ìdáhùn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù sí ìbéèrè”, kó máa bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ ló kù. “Dá fátúwà” ò dáa, ẹjọ́ ni “dá” yẹn máa fà wọlé. “Ṣe fátúwà” ni mo lò lókè yìí, àmọ́ kò tíì dùn mọ́ mi lẹ́nu. Ẹ̀yin ará Ìlọrin àti Ìwó tẹ́ ẹ jókòó ti kéwú pẹ́, kí lẹ máa ń sọ?